Bẹ́ ẹ ṣe lè búùkù ẹni tó máa mú yín lọ pẹja lórí òkúta etí òkun Èkó, láti Ìbàdàn níbí

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Látìgbà tí mo ti fi fọ́tò ẹja kúta tí mo pa sórí status WhatsApp mi ni àwọn èèyàn ti ń bi mí pé ta ló mú mi lọ, báwo ni mo ṣe mọ onítọ̀hún, àwọn míì tiẹ̀ rò pé mo ní ẹbí tó ní ọkọ̀ ojú omi ní Èkó ni. Mi ò ní o. Mọ́níyà níbí ni mò ń gbé, ibi omi Ẹlẹ́yẹlé ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ju ìwọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀pìyà là ń pa nígbà yẹn, ọparun la fi ń ṣe ọ̀pá ìwọ̀. Gbogbo ètò ti Èkó yìí, orí fóònù ni mo ti ń ṣe é, látinú ilé mi. Mo wá ní kí n jókòó kọ ọ́ dáadáa kí ẹni tó bá fẹ́ lọ má bàa padà wálé pẹ̀lú ìbànújẹ́ bí èmi ṣe padà wálé lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ kan palẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé Èkó tẹ́ ẹ sọ pé jẹ́tì lẹ̀ ń lọ, ibi tí èrò ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n máa júwe fún yín, bíi ti CMS tàbí ti Falomo. Ibẹ̀ kọ́ ni mò ń sọ. Èyí tí mò ń sọ ni ògiri òkúta gbọọrọ tí wọ́n tò wọnú òkun lẹ́nu ibi tí ọ̀sà Èkó ti ń bọ́ sínú òkun, àwọn tó mọ ibẹ̀ ń pè é ní mole, East Mole wà lápá Victoria Island, West Mole wà lápá Tarkwa Bay. 1908 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó. Iyanrìn ló dí ẹnu ibẹ̀ nígbà yẹn tí ọkọ̀ ńlá ò lè wọlé, ìta lójú òkun ni wọ́n máa ń dúró sí kí ọkọ̀ kékeré tó lọ kó ẹrù wọn wá. Ìgbì etíkun wa sì máa ń ti iyanrìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn, nígbà tí òkúta wá dí i lọ́nà, iyanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lápá Lighthouse Beach ní ìwọ̀ oòrùn, omi wá ń jẹ Bar Beach lápá kejì, ó ń jẹ ẹ́ títí tí wọ́n fi wá ṣe ògiri ìlú tuntun Eko Atlantic síbẹ̀. Ohun tó kan àwa tá a fẹ́ pẹja níbẹ̀ ni pé òkúta tó ti wà nínú omi fún ohun tó lé ní 100 ọdún ti di ilé, alákàn wà nínú ihò ẹ̀, edé wà níbẹ̀, ẹja kéékèèké ń sá pamọ́ síbẹ̀, ẹja ńlá sì ń wá wọn wá síbẹ̀.

Àárín ògiri méjèèjì yẹn ni omi ń gbà jáde, ibí yìí sì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn jù. Odò Ọ̀ṣun tí wọ́n sé ní Aṣẹ́jìrẹ́ tí à ń mu omi ẹ̀ níbí, ọ̀sà Lẹ́kì ló ń ṣàn lọ, ọ̀sà Lẹ́kì lọ pàdé ti Èkó, odò Ògùn náà ń wọ inú ẹ̀, wọ́n á wá gba ẹnu yẹn bọ́ sókun. Tí mo bá dúró lórí òkúta yẹn tí mo ń wo omi tó ń lọ, inú mi máa ń dùn pé omi ilé wa náà wà nínú ẹ̀. Òkun máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, á tún fà lẹ́ẹ̀mejì, wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀ ló wà láàárín kíkún àti fífà, tọ̀la á sì fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ ju tòní lọ torí òṣùpá ló ń darí ẹ̀. Ní Èkó nǹkan bíi mítà kan ló máa ń fi ga sókè, kò pọ̀ lójú ṣùgbọ́n ẹ ronú bí ọ̀sà ṣe fẹ̀ tó kẹ́ ẹ wá ronú pé ẹnu kan ni omi fẹ́ gbà jáde, agbára tó máa fi sáré kì í ṣe kékeré. Omi tó ń fà yẹn ló ń gbé ṣáwá àti àwọn ọmọ ẹja jáde, kúta á ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta tó ń retí wọn, àwọn ẹja tí wọ́n ń pè ní jack náà á wà níbẹ̀. Tí omi bá wá dúró jẹ́ẹ́, tí kò kún tí kò fà, ẹja náà kì í fẹ́ẹ́ jẹun mọ́. Nítorí náà wákàtí tí omi fi ń rìn lẹ̀ ń sanwó fún. Ẹni tí kò bá lè sọ wákàtí yẹn fún yín, kò yẹ kó gbowó yín.

Owó tí mo san lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀nà yẹn ló gbà lọ. Orí Instagram ni mo ti rí àwọn kan, fọ́tò wọn rẹwà, ẹni tó ń dá mi lóhùn ń fèsì kíákíá, ó fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́, mo sì tiránsífà gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan náà fún èmi, àbúrò ìyàwó mi àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan. Ìgbà tá a débẹ̀ la tó mọ̀ pé ẹni tó gbowó ò sí ní Èkó rárá lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó fẹ́ wakọ̀ ò sì mọ̀ pé ẹja la fẹ́ pa, ó rò pé a kàn fẹ́ lọ najú létíkun ni. Èèyàn mẹ́sàn-án ni wọ́n kó sínú ọkọ̀, láìfù jákẹ́ẹ̀tì márùn-ún ló wà níbẹ̀, okùn ọ̀kan nínú ẹ̀ sì ti já. Aago 11 kọjá ká tó dé ibi òkúta, omi ti dúró, oòrùn ti mú, edé tí wọ́n kó fún wa pé ká fi ṣe ìdẹ ti ń rùn. Àbúrò ìyàwó mi yẹn ò mọ omi wẹ̀. Nígbà tí ìgbì kan gbé ọkọ̀ sókè tó sì já a sílẹ̀, mo wo ojú ẹ̀, ẹ̀rù tí mo rí níbẹ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn mi di òní, torí èmi ni mo lọ bẹ àwọn òbí ẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kó tẹ̀ lé mi. A ò pa ẹja kankan, ṣùgbọ́n ti ẹja kọ́ ló dùn mí.

Látọjọ́ yẹn, mi ò sanwó fún ẹnikẹ́ni tí mi ò bá tíì fi etí ara mi gbọ́ ohùn ẹni tó máa wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú mi. Éjẹ́ǹtì lè gbowó, kò burú, iṣẹ́ wọn nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n fi yín lé ẹni tó ń mú èèyàn lọ lọ́wọ́ kẹ́ ẹ bá a sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀. Tí wọ́n bá ní kò ṣeé ṣe, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Níbo lẹ ti máa rí i? Èmi o, ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́ja ni mo ti rí tèmi. Ẹ lọ sọ́jà yín, ì báà jẹ́ Bódìjà tàbí èyí tó sún mọ́ yín, ẹ wá ìyá tó máa ń gbé ẹja òkun tútù wá láti Èkó, kì í ṣe ẹni tó ń ta ẹja inú páálí. Ìyá yẹn mọ àwọn apẹja, ó mọ ẹni tó ń sọ òótọ́ nínú wọn, torí owó òun náà wà lọ́wọ́ wọn. Mo ra ẹja lọ́wọ́ ìyá kan fún bí oṣù méjì kí n tó bi í, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé èmi tí mo ń ra ẹja náà ni mo tún fẹ́ lọ pa á, ó wá fún mi ní nọ́ńbà bàbá kan, ará Ìlàjẹ, tó ti ń rìn lórí òkúta yẹn láti kékeré. Ẹ tún lè gba ọ̀nà míì, tẹ́ ẹ bá ní ẹbí ní Èkó, ẹ ní kí wọ́n lọ bá yín bèèrè ní jẹ́tì CMS, tàbí kẹ́ ẹ wá a lórí Facebook àti Instagram, kò sí èyí tó burú nínú ẹ̀, ohun tẹ́ ẹ bá bi í lórí fóònù ló ṣe pàtàkì.

Nígbà tí mo pe bàbá yẹn, mo ti kọ ìbéèrè mi sínú ìwé, mo fẹ́ máa bi í léèrè bí ọlọ́pàá. Mi ò tíì bi í ní méjì tí bàbá fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi èmi náà. Ẹ máa pé mélòó? Ta ni kò mọ omi wẹ̀ nínú yín? Ṣé ẹni kankan ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru? Ṣé ẹ ti dúró lórí òkúta tó ń yọ̀ rí? Bàtà wo lẹ fẹ́ wọ̀? Ó wá ní ọjọ́ tí mo dá yẹn ò dáa, pé omi á ti fà tán kílẹ̀ tó mọ́, kí n sún un síwájú ní ọjọ́ mẹ́rin. Ó lè gbowó mi lọ́jọ́ yẹn kó má sọ nǹkan kan, mi ò ní mọ̀. Ohun tí mo fi ń dá ẹni tó mọṣẹ́ mọ̀ nìyẹn di bí mo ṣe ń sọ yìí, ẹni tó bá mọṣẹ́ á bi yín léèrè padà, torí ó mọ̀ pé tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lórí omi, òun ló máa kàn. Ẹni tó bá kàn ń sọ pé kò sí wàhálà, kò sí wàhálà, ẹ ṣáà fowó ránṣẹ́, ẹ ṣọ́ra fún un. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ohun tí mo máa ń bi wọ́n rèé o. Mo máa ń bi wọ́n pé aago mélòó ni omi máa bẹ̀rẹ̀ sí í fà lọ́jọ́ yẹn, màá sì fi ìdáhùn wọn wé ti inú fóònù, ẹ tẹ Lagos tide sórí Google, ó máa gbé e jáde fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Tí ti bàbá àti ti fóònù bá fi díẹ̀ yàtọ̀, ẹ má jà, torí ibi tí wọ́n ti ń wọn omi lè má jẹ́ ibi tẹ́ ẹ fẹ́ dúró sí, ṣùgbọ́n tó bá fi wákàtí mẹ́ta mẹ́rin yàtọ̀, ìyẹn kì í ṣe apẹja. Mo máa ń bi wọ́n pé orí òkúta gan-an la máa dúró sí àbí inú ọkọ̀ tó so mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yàtọ̀ gan-an, orí òkúta kò ní í kọ́ yín lóòyì ṣùgbọ́n ó ń yọ̀, inú ọkọ̀ rọrùn fún ẹsẹ̀ ṣùgbọ́n ìgbì á máa mì yín. Ẹ bi í bóyá wọ́n gbà kéèyàn dúró níbi tó fẹ́ mú yín lọ, torí ọ̀nà ọkọ̀ ńlá tó ń lọ sí èbúté Apapa àti Tin Can nibẹ̀, àwọn aláṣẹ ń ṣọ́ ọ, kì í ṣe gbogbo ibẹ̀ lèèyàn lè dúró sí, ẹni tó ń ṣe é lójoojúmọ́ á mọ ibi tí ó ṣeé ṣe. Ẹ bi í pé èèyàn mélòó ló máa kó sínú ọkọ̀ àti pé ṣé àwọn àlejò míì á wà níbẹ̀. Kẹ́ ẹ wá bi í ní ti láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ má tijú, ẹ ní kó gbé e síta kó ya fọ́tò ẹ̀ fún yín, kẹ́ ẹ ka iye ẹ̀. LASWA tó ń bójú tó ọ̀nà omi fún ìjọba Èkó àti NIWA tó ń ṣe é fún ìjọba àpapọ̀ ti sọ ọ́ pé dandan ni fún gbogbo èrò, wọn ò sì fẹ́ kí ọkọ̀ èrò máa rìn lálẹ́, nítorí náà ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ wá ní aago mẹ́ta òru ti ń fi yín sínú ewu.

Lẹ́yìn ìpè yẹn, ẹ kọ gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp kó lè wà lákọsílẹ̀. Báyìí ni mo ṣe ń kọ tèmi, ẹ lè mú un lò: "Ẹ káàárọ̀ o bàbá, èmi ará Ìbàdàn tá a jọ sọ̀rọ̀ lánàá ni. A máa pé mẹ́rin, ẹnì kan ò mọ omi wẹ̀ nínú wa. Ọjọ́ Sátidé la fohùn sí, ká pàdé ní jẹ́tì ní aago 6 ààbọ̀ àárọ̀, ká kúrò níbẹ̀ tílẹ̀ bá ti mọ́ dáadáa, ká padà dé kó tó di aago kan ọ̀sán. Owó tá a fẹnu kò sí yẹn, ọkọ̀, epo, ọ̀pá ìwọ̀ mẹ́rin, ìdẹ àti láìfù jákẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀, àwa la ni ẹja. Tí òkun bá le, a máa sún un sí ọjọ́ míì láì san owó míì. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi fi fóònù dáhùn sí i bó bá rí bẹ́ẹ̀." Tí kò bá lè kàwé, á fi ohùn ránṣẹ́, ohùn yẹn náà to. Ẹ má pa á rẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó wá. Iye tí wọ́n bá pè fún yín, ẹ bi wọ́n pé ṣé ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ni àbí ti odindi ọkọ̀, ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ jù. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, epo tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ń mu ti di owó ńlá, nítorí náà kẹ́ ẹ kó ara yín jọ bíi mẹ́rin kẹ́ ẹ dá owó ọkọ̀ kan, ó sàn ju kí ẹnì kan lọ. Èmi kì í lọ ju mẹ́rin lọ o, torí lórí òkúta tẹ́ ẹ bá pọ̀, okùn ìwọ̀ yín á máa lọ́ mọ́ra, ẹni tó ń tọ́jú yín ò sì ní lójú mẹ́jọ. Àsanlẹ̀ díẹ̀ ni kẹ́ ẹ san kó lè fi ra epo àti ìdẹ, ẹ san èyí tó kù lọ́wọ́ lọ́wọ́ tẹ́ ẹ bá ti rí ọkọ̀ àti láìfù jákẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ojú yín. Kí orúkọ tó wà lórí àkáǹtì bá orúkọ tó pè fún yín mu. Tó bá ní àkáǹtì ọmọ òun ni, kò burú, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ṣáà ní kí ọmọ náà bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ má sì dúnàá-dúràá títí tí á fi máa wá ibi tó ti máa dín epo kù, epo tó bá tán lójú òkun ò ṣeé ti bíi ti mọ́tò.

Ọjọ́ wo ló dáa? November sí March ni mo fẹ́ràn jù, omi máa ń mọ́ díẹ̀, iyọ̀ inú ẹ̀ máa ń pọ̀ torí òjò ò gbé omi odò wá, ẹja òkun á sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Lásìkò ọyẹ́ ẹ máa ṣọ́ra fún àárọ̀ tí ojú ọjọ́ bá ṣú tí èèyàn ò lè ríran jìnnà, ẹ dúró kó ká kúrò. Láti bíi ìparí March lọ, ìjì lè dédé dé lọ́sàn-án. June sí September ni ìgbì ga jù, ó ń gun orí òkúta, ẹ má lọ sórí ẹ̀ nígbà yẹn, ẹni yòówù tó bá ní kò sí nǹkan tó máa ṣe. Àwọn àgbà ti sọ ọ́, òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Nínú oṣù, ìgbà tí oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti ìgbà tó bá di àrànmọ́jú ni omi ń kún jù tó sì ń fà jù, àwọn tó ti mọ̀ ọ́n ṣe fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín, ẹ fi bí ọ̀sẹ̀ kan sí i kí omi rọ̀ díẹ̀. Ẹ yan ọjọ́ tí omi bá máa bẹ̀rẹ̀ sí í fà ní nǹkan bí aago meje àárọ̀, oòrùn ò tíì mú, ẹja ń jẹun, ẹ̀yin náà ò tíì rẹ̀.

Àwa ará Ìbàdàn, ẹ má gbìyànjú àtilọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tó bá kúrò ní Ìwó Road ní aago mẹ́ta òru torí kó lè dé jẹ́tì ní aago mẹ́fà, á débẹ̀ pẹ̀lú oorun lójú, oorun àti òkúta tó ń yọ̀ ò sì bára wọn mu. Ẹ lọ ní ọjọ́ tó ṣáájú. Reluwé ni mo máa ń wọ̀ ní tèmi torí ibùdókọ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọ́níyà ò jìnnà sí mi, ó ti ń gbé èrò láti June 2021, kìlómítà 157 ni títí dé Ẹbútẹ́ Mẹ́ta, téèyàn bá ti sọ̀ níbẹ̀ erékùṣù ò jìnnà mọ́. Ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì torí ìparí ọ̀sẹ̀ máa ń kún. Ẹ sùn sọ́dọ̀ ẹbí tàbí kẹ́ ẹ gba yàrá nítòsí jẹ́tì, ẹ pe bàbá yẹn lálẹ́ ọjọ́ yẹn kó tún bá yín wo ojú òkun, tó bá ní òkun ò dáa, ẹ gbà fún un.

Ẹrù yín ò gbọ́dọ̀ pọ̀. Bàtà tó bo ẹsẹ̀ tí ìdí ẹ̀ ń di nǹkan mú ló ṣe pàtàkì jù, sílípáàsì ò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀, orí òkúta ní ewé omi tó ń yọ̀ bí ilá, àwọn ìkarahun kéékèèké tó lẹ̀ mọ́ ọn sì mú bí abẹ. Ẹ wọ ẹ̀wù alápá gígùn àti fìlà tó lókùn, ẹ fi ìpara oòrùn pa ojú àti ọrùn, oòrùn tó ń ta yín látòkè tún ń ta yín látinú omi. Ẹ mú ibọ̀wọ́ dání, omi mímu tó tó lítà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ fi fóònù sínú ọ̀rá tí omi ò lè wọ̀. Tí òòyì bá máa ń kọ́ yín, ẹ bi oníkẹ́míìsì ní oògùn ẹ̀ kẹ́ ẹ sì lò ó kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀, torí tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ó ti pẹ́ jù. Àmàlà gbígbóná àárọ̀ yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ dìgbà tẹ́ ẹ bá dé, búrẹ́dì díẹ̀ tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ to. Ọ̀pá ìwọ̀ tiyín ò pọn dandan tó bá wà lọ́wọ́ ẹni tó ń mú yín lọ, ṣùgbọ́n ẹ bi í bóyá ó ní wáyà tí wọ́n ń so mọ́ iwájú ìwọ̀, eyín kúta á gé okùn lásán bíi kó jẹ́ òwú. Kí òjé tó ń mú ìwọ̀ rì pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, torí òkúta máa ń mú ìwọ̀ mọ́lẹ̀, òjé mẹ́ta mẹ́rin lè lọ lárọ̀ kan. Mo máa ń ní kí àwọn tó fẹ́ bá mi lọ kọ́kọ́ lọ máa ju ìwọ̀ létí omi níbí fún ọjọ́ méjì, tí ọwọ́ bá ti mọ rílì tó ń ká okùn ìwọ̀, owó tẹ́ ẹ san ní Èkó á wúlò.

Tẹ́ ẹ bá dórí òkúta, láìfù jákẹ́ẹ̀tì ò gbọ́dọ̀ kúrò lára yín, ì báà jẹ́ pé oòrùn ń jó yín. Ẹ kọ́kọ́ dúró wo ìgbì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó yan ibi tẹ́ ẹ máa dúró sí, ìgbì kì í dọ́gba, èyí tó tóbi jù lè pẹ́ kó tó dé. Ibi tí òkúta bá ti tutù, ìgbì ti débẹ̀, ẹ sún sẹ́yìn. Ẹ má kọ ẹ̀yìn sí òkun. Tí ìwọ̀ bá há, ẹ gé okùn, ẹ má sọ̀kalẹ̀ lọ tú u. Tẹ́ ẹ bá fa ẹja kan tó jọ òbòkún jáde, ẹ̀gún tó wà lẹ́yìn ẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ní oró, ẹ jẹ́ kí bàbá yọ ọ́. Ẹja kan tún wà tó máa ń wú bíi bọ́ọ̀lù téèyàn bá ti fà á jáde, ẹ dá a padà sómi, ẹ má jẹ ẹ́ láé, oró inú ẹ̀ ń pa èèyàn, iná ìsebẹ̀ ò lè pa oró náà. Àwọn ọmọ ẹja tí kò tíì dàgbà, ẹ dá wọn padà pẹ̀lú, ẹ fi ọwọ́ tutù mú wọn kí ara wọn má bàa bó. Bàbá tó ń mú mi lọ máa ń sọ̀rọ̀ sí wọn kó tó jù wọ́n padà, ó máa ń ní kí wọ́n lọ pe ìyá wọn wá.

Ọ̀nà tí ẹja máa gbà dé Ìbàdàn kó tó bàjẹ́, àtilé ni kẹ́ ẹ ti ronú ẹ̀. Ẹ mú kúlà tó lágbára, ẹ ra yìnyín ní Èkó kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀ ojú omi, kì í ṣe tẹ́ ẹ bá ń bọ̀. Tí ẹja bá jẹ́ kílò márùn-ún, kí yìnyín náà tó kílò márùn-ún. Tẹ́ ẹ bá ti pa á, ẹ la inú ẹ̀, ẹ yọ ìfun àti ìjàgbá ẹ̀ létí omi níbẹ̀, ẹ fi yìnyín sínú ikùn ẹ̀ kẹ́ ẹ tún fi bo òkè, kẹ́ ẹ máa tú omi tó bá yọ́ dànù kí ẹja má bàa rì sínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ reluwé lẹ̀ ń bá bọ̀, ẹ fi téèpù dí kúlà yíká kí òórùn àti omi má jáde sára ẹrù ẹlòmíì.

Kẹ́ ẹ tó kúrò ní jẹ́tì, ẹ fún ẹni tó mú yín lọ ní nǹkan díẹ̀ yàtọ̀ sí owó tẹ́ ẹ fẹnu kò sí, kẹ́ ẹ sì pè é tẹ́ ẹ bá délé pé ẹ ti dé o. Ìgbà tí mo pe bàbá lálẹ́ ọjọ́ tó mú wa lọ, mo gbọ́ ohùn ìyàwó ẹ̀ lẹ́yìn tó ń béèrè pé ṣé ará Ìbàdàn yẹn ni, ṣé wọ́n ti délé. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni. Lórí ìpè yẹn náà la ti dá ọjọ́ míì, ọjọ́ Sátidé kan ní January, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í fà ní aago meje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àyè ẹnì kan ṣì kù nínú ọkọ̀. Àbúrò ìyàwó mi ti ní òun ń bọ̀, ó ti ń kọ́ omi wẹ̀ láti August.